Firewall méjì, ọ̀gá kan: bí a ṣe ń tú failover tó dàrú nígbà títàn

Firewall (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) méjì tó ń ti ara wọn lẹ́yìn, tí ọ̀kan ń gba iṣẹ́ bí èkejì bá kú (ìyẹn ni failover), kì í sábà yọni lẹ́nu bí wọ́n bá ti dúró. Ìgbà tí wọ́n bá ń jí ni ọ̀rọ̀ máa ń dojú rú. Iná lọ, ó tún dé. Tàbí ẹ fi àtúnṣe tuntun sórí ọ̀kan, ó sì di dandan kí ẹ pa á kí ẹ tún un tàn. Kí ẹ tó jókòó dáadáa, àwọn méjèèjì ti ń pe ara wọn ní ọ̀gá, tàbí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ti já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ èyí tó ń ṣe é láìsí wàhálà, ìsopọ̀ gbogbo ènìyàn sì ti já.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni mò ń tọ́jú. FreeBSD àti OpenBSD ni mo mọ̀ jù, nítorí náà CARP (ètò tí wọ́n fi ń jọ lo àdírẹ́sì kan, tí wọ́n sì fi ń mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá) àti pfsync (èyí tó ń da àkọsílẹ̀ ìsopọ̀ ọ̀kan fún èkejì) ni màá fi ṣàlàyé. Ẹni tó ń lo pfSense tàbí OPNsense kò níṣòro, orí FreeBSD ni wọ́n kọ́ méjèèjì lé. Ẹni tó ń lo keepalived lórí Linux náà á rí nǹkan mú níbẹ̀, torí VRRP tó ń lò àti CARP fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá: protocol 112 ni àwọn méjèèjì ń lò, 224.0.0.18 ni wọ́n ń kéde sí, àní oríṣi àdírẹ́sì MAC kan náà ni wọ́n ń gbé. Ìjọra yìí fúnra rẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà míì. A ó dé ibẹ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ lórí iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kò gbọdọ̀ gba ipò ọ̀gá kí ara rẹ̀ tó pé. Bí ẹ bá sì wo ìdàrúdàpọ̀ ìgbà títàn dáadáa, ọ̀kan nínú méjì ló sábà máa ń jẹ́: ẹ̀rọ náà ò gbọ́ ohùn ẹnì kejì rẹ̀, tàbí ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó kánjú. Oògùn ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣe tiyín.

Ẹ ka log kí ẹ tó tún un tàn

Ohun tó máa ń yá ènìyàn lára ni kó tún ẹ̀rọ náà tàn, bóyá ó lè bọ̀ sípò. Ẹ mú sùúrù ná. Ẹ ṣí console àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn (ti serial ló wù mí jù, torí SSH lè já lásìkò tí ẹ nílò rẹ̀ gan-an), kí ẹ wá tẹ àṣẹ yìí lórí ìkọ̀ọ̀kan:

`ifconfig | grep carp`

Ẹ ó rí ìlà bíi `carp: MASTER vhid 1 advbase 1 advskew 0`. Ní VHID kọ̀ọ̀kan (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àdírẹ́sì àjọlò mọ̀), MASTER kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀rọ méjèèjì, èkejì á jẹ́ BACKUP. Ọba kì í pé méjì láàfin.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí `/var/log/messages`, kí ẹ wá gbogbo ìlà tó ní carp nínú láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. FreeBSD máa ń kọ ìyípadà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, bíi `carp: 1@em0: BACKUP -> MASTER`, á sì fi ìdí rẹ̀ sí ìparí ìlà náà. Ìdí yẹn gan-an ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bó bá jẹ́ `master timed out`, ẹ̀rọ yín ń sọ pé òun tẹ́tí sílẹ̀, òun ò gbọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ `preempting a slower master`, ó gbọ́ ọ̀gá tó wà lórí oyè, ó kàn gbà pé ipò òun ju tiẹ̀ lọ ni. Ẹ tún lè rí `more frequent advertisement received`. Ìyẹn ni ti ẹni tó gbọ́ pé ẹlòmíràn ju òun lọ, tó sì padà sí ipò igbákejì.

Ẹ má fọkàn tán aago tó wà nínú àwọn ìlà àkọ́kọ́ jù. Bí bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ bá ti kú, ó lè jí pẹ̀lú ọjọ́ tó ti kọjá tipẹ́ títí ntpd yóò fi tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe máa ń fi ìlà ẹ̀rọ kan wé ti èkejì, tí wọ́n á fi ìṣẹ́jú púpọ̀ ṣìnà.

Bí kò bá gbọ́ ohùn ẹnì kejì rẹ̀

Ọ̀gá máa ń kéde ara rẹ̀ láìdúró. Àárín ìkéde kan sí òmíràn jẹ́ iye advbase ní ìṣẹ́jú àáyá, a ó wá fi advskew tí a fi 256 pín kún un. Bí advbase bá jẹ́ 1, tí advskew ẹ̀rọ ìkíní sì jẹ́ 0, ìkéde kan á máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kejì tí advskew tirẹ̀ jẹ́ 100 á máa kéde ní bíi 1.39 ìṣẹ́jú àáyá bó bá dórí oyè. Ẹni tí ìkéde rẹ̀ bá yá jù ló ń borí. Igbákejì tí kò bá gbọ́ nǹkan kan fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 4 á gbà pé ọ̀gá ti kú, á sì gorí oyè. Ẹ fi 3 yẹn sọ́kàn.

Ìdí tó wọ́pọ̀ jù lọ tí ẹ̀rọ tó ń jí fi ń di adití ni spanning tree lórí switch, ìyẹn ètò tó ń dá pọ́ọ̀tù dúró ná kí pákẹ́ẹ̀tì má baà máa yí po láìdúró (loop). Ilé iṣẹ́ kan pè mí torí pé nígbàkígbà tí wọ́n bá tún ẹ̀rọ ìkíní tàn, íntánẹ́ẹ̀tì wọn á kú fún bíi ìdajì ìṣẹ́jú, á sì tún jí fúnra rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ wáyà, wọ́n ti pààrọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ní kí wọ́n tún un tàn lójú mi. Mo gbé `tcpdump -ni em0 -T carp proto 112` sórí ẹ̀rọ kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, mo sì jókòó ti console ti ìkíní. Link dé. Iná pọ́ọ̀tù ẹ̀gbẹ́ inú lórí switch di àwọ̀ ewé lójú ẹsẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ ìta dúró ní pupa rúsúrúsú. Lórí console, VHID ti inú ti di MASTER, ìdí rẹ̀ ni `preempting a slower master`. Ti ìta náà di MASTER, ṣùgbọ́n `master timed out` ni wọ́n kọ sí tiẹ̀. Lójú tcpdump, ìkéde ẹ̀rọ kejì nìkan ló ń kọjá, àfi bí ẹni pé ìkíní ò tíì jí rárá.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn ti tan PortFast (èyí tó ń jẹ́ kí pọ́ọ̀tù ṣí lójú ẹsẹ̀) fún pọ́ọ̀tù ẹ̀gbẹ́ inú, kò tan án fún ti ìta. Ní spanning tree àtijọ́, pọ́ọ̀tù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí link á lo ìṣẹ́jú àáyá 15 ní listening, á tún lo 15 ní learning, kó tó jẹ́ kí ohunkóhun kọjá. Ẹ̀rọ ìkíní gba ẹ̀gbẹ́ inú lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé sì ń da pákẹ́ẹ̀tì sọ́dọ̀ rẹ̀, òun ẹ̀wẹ̀ ò rí ọ̀nà jáde. Ìṣẹ́jú àáyá 30 náà pé, iná ìta di àwọ̀ ewé, ọ̀nà ṣí. Wáyà ò lẹ́ṣẹ̀, káàdì ò lẹ́ṣẹ̀.

Lórí switch Cisco, `spanning-tree portfast` ni ẹ ó fi sí pọ́ọ̀tù náà, tàbí `spanning-tree portfast trunk` bí VLAN púpọ̀ bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn switch míràn ń pè é ní edge port. Ẹ ṣe é fún gbogbo pọ́ọ̀tù tó já sí firewall méjèèjì, inú àti ìta. Ẹ má ṣe torí ìyẹn pa spanning tree fúnra rẹ̀. Ìyẹn á gbà yín lọ́wọ́ failover, á fà yín lé loop lọ́wọ́.

Bí ìṣẹ́jú kan bá ti kọjá tí ọ̀gá méjì ṣì wà, ọ̀rọ̀ ti ju spanning tree lọ. Ẹ lo tcpdump yẹn lórí ẹ̀rọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olúkúlùkù bá ń rí ìkéde tirẹ̀ nìkan, ọ̀nà àárín wọn ló dí: VLAN lè má bára mu, tàbí switch tó ní IGMP snooping ń gbé multicast wọn sọnù. Bó bá jẹ́ pé orí VMware ESXi ni wọ́n wà, port group tí wọ́n ń lò gbọ́dọ̀ gba Promiscuous mode, MAC address changes àti Forged transmits láyè, torí MAC tí CARP ń lò kì í ṣe èyí tí ESXi fún ẹ̀rọ náà. Bí virtual switch náà bá ní ju káàdì gidi kan lọ, ẹ sọ `Net.ReversePathFwdCheckPromisc` di 1, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á máa gbọ́ ìkéde ara rẹ̀ padà, á sì rò pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀.

Ó wá lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì ń rí ìkéde ara wọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbọ́ra, wọn ò gbà fúnra wọn ni. Lára switch Cisco, ẹ ó máa rí MACFLAP nínú log, torí MAC kan náà ń fò láti pọ́ọ̀tù kan sí èkejì. Ẹ tẹ `netstat -s -p carp`, kí ẹ wo ìlà tó sọ pé `discarded for bad authentication`. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń gòkè, pásíwọ́ọ̀dù wọn kò bára mu, tàbí àdírẹ́sì tó wà nínú VHID náà kò bára mu. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ó. Kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù nìkan ni CARP fi ń ṣírò àmì tó fi ń dá ìkéde mọ̀, ó ń ka àwọn àdírẹ́sì VHID náà mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi àdírẹ́sì tuntun kún ẹ̀rọ ìkíní láàárọ̀ láìfi kún ìkejì, tàbí tí ìlà kan nínú rc.conf kò ṣiṣẹ́ nígbà títàn torí àṣìkọ lẹ́tà kan, ìkéde wọn á máa dé, wọ́n á sì máa dà á nù. Mo máa ń to àdírẹ́sì àwọn méjèèjì jáde, kí n fi `diff` wé wọn. Ojú lásán kì í rí i.

Ìjọra CARP àti VRRP tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibí ló ti ń gbóná. MAC àwọn méjèèjì jẹ́ 00:00:5e:00:01, VHID yín ló sì wà ní ìparí rẹ̀ ní hexadecimal. VHID 10 á jẹ́ 00:00:5e:00:01:0a. Bí router olùpèsè yín bá ń lo VRRP nọ́ńbà 10 lórí VLAN kan náà, ẹ ti jọ ń lo MAC kan nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ VHID tiyín.

Èyí tó kẹ́yìn lábẹ́ dídití rọrùn láti mọ̀ nípa àkókò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà jí, ó dúró ní BACKUP bó ṣe yẹ fún ìgbà díẹ̀, àfi lójijì tó di MASTER. Ẹ wo ohun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lásìkò yẹn: pf ni, èyí tó ń fi òfin firewall ṣiṣẹ́. Òfin yín ti wọlé, ó sì ti dí CARP lọ́nà. Ẹ fi `pass quick on em0 proto carp` sókè nínú pf.conf fún gbogbo ojú tí VHID wà, àti `pass quick on em2 proto pfsync` fún ojú tí àwọn méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. pfSense ń ṣe ti CARP fúnra rẹ̀. Ti pfsync ni kí ẹ rántí fi òfin sí.

Bó bá gbọ́, ṣùgbọ́n tó kánjú

Ohun tó ń mú kí ìkánjú burú ni tábìlì ìsopọ̀. Firewall tó ti ń ṣiṣẹ́ ní orúkọ gbogbo ìsopọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ nínú tábìlì rẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tábìlì rẹ̀ ṣófo. Bó bá gorí oyè pẹ̀lú tábìlì òfìfo, pákẹ́ẹ̀tì TCP tó dé láàárín ìsopọ̀ kò ní rí ibi wọ̀, torí pf ń retí SYN (pákẹ́ẹ̀tì tó ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀) kó tó ṣí ìsopọ̀ tuntun. Ping á máa lọ, ojú ewé tuntun á ṣí, ṣùgbọ́n SSH àti dátábéésì gbogbo ènìyàn á dì. Àmì yìí nìkan ti tó fún mi láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

pfsync wà láti dènà èyí. Bó bá jí, á bẹ ẹnì kejì rẹ̀ pé kó da gbogbo tábìlì rẹ̀ fún òun, títí tí ìyẹn yóò fi parí, á sọ ara rẹ̀ di kékeré. Nínú log FreeBSD, ẹ ó rí `demoted by 240 to 240` pẹ̀lú ìdí `pfsync bulk start`, lẹ́yìn náà `demoted by -240 to 0` pẹ̀lú `pfsync bulk done`. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń fi kún advskew nínú ìkéde, tí kò sì lè kọjá 240. Bí ẹ bá wá rí `pfsync bulk fail` dípò done, ẹ̀rọ náà bẹ̀bẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó wá yọ ìwọ̀n náà kúrò lára ara rẹ̀, ó gorí oyè pẹ̀lú tábìlì òfìfo. Ẹ lọ wo wáyà pfsync. Èmi ò fẹ́ kí ó gba inú switch kọjá rárá. Wáyà kan láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ ló dára jù, spanning tree ò sì sí níbẹ̀ tó máa dá a dúró.

Kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ `pfctl -ss | wc -l` lórí àwọn méjèèjì. Kò ní bára mu délẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ń sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí èkejì ń sọ mẹ́wàá, ẹ ti rí i. Ẹ tún wo orúkọ káàdì. Bí ojú ìta bá jẹ́ em0 lórí ọ̀kan tó sì jẹ́ igb0 lórí èkejì, ìsopọ̀ tí wọ́n so mọ́ orúkọ ojú ò ní bá a mu lẹ́yìn ìpààrọ̀.

Ìkánjú míràn ni kí ẹ̀rọ náà jẹ́ ọ̀gá ní apá kan, kó jẹ́ igbákejì ní apá kejì. Ojú kan ń lo LACP tàbí SFP tó ń pẹ́ kó tó rí link. Ojú kejì ti dìde. Bí `net.inet.carp.preempt` bá jẹ́ 1, ojú tó ti kú á gé gbogbo ẹ̀rọ náà kù pẹ̀lú 240, wọ́n á sì jọ lọ síbi kan. Bó bá jẹ́ 0, ẹ lè pín sí méjì títí ẹnì kan yóò fi dá sí i. Ẹ ní kó jẹ́ 1 lórí àwọn méjèèjì, nínú `/etc/sysctl.conf`, kí ẹ sì rí i pé `carp_load="YES"` wà nínú `/boot/loader.conf`, kí sysctl náà lè rí ohun tó ń bá sọ̀rọ̀.

Dídá a dúró títí ara rẹ̀ yóò fi pé

OpenBSD ti ronú sí èyí ṣáájú wa: `/etc/rc` rẹ̀ máa ń fi `carpdemote 128` sí ẹgbẹ́ carp ní ìbẹ̀rẹ̀ títàn, á sì yọ ọ́ ní ìparí. Lórí FreeBSD, èmi fúnra mi ni mò ń kọ tèmi. Fáìlì kékeré kan nínú `/usr/local/etc/rc.d`, tí a ti fi `chmod +x` sí:

```
#!/bin/sh
# PROVIDE: carphold
# REQUIRE: FILESYSTEMS
# BEFORE: netif
sysctl net.inet.carp.demotion=120
```

Nínú `/etc/rc.local` náà:

```
( sleep 60; ping -c 3 -t 5 203.0.113.1 \
  && sysctl net.inet.carp.demotion=-120 ) &
```

Ẹ fi àdírẹ́sì router olùpèsè yín rọ́pò 203.0.113.1. Ṣe ni sysctl yìí máa ń ṣe àfikún, kì í rọ́pò. Ìdí nìyẹn tí -120 fi ń dá a padà sí òdo, ìdí nìyẹn náà tí mi ò fi kọ ọ́ sínú sysctl.conf tí wọ́n lè kà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ping bá kùnà, ẹ̀rọ náà á dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi wá wò ó. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìdí tí mo fi mú 120 dípò 240: bí iná bá lọ tí àwọn méjèèjì sì jọ jí, 240 á sọ wọ́n di ọgbọọgba, wọ́n á máa ti ipò sí ara wọn. Pẹ̀lú 120, ìkíní á jẹ́ 120, ìkejì á jẹ́ 220, ìkíní ṣì ń borí. Bó bá sì jẹ́ ìkíní nìkan ló tún tàn, 120 tirẹ̀ kò lè gba ipò lọ́wọ́ 100 ti ìkejì. Bí ẹnì kejì bá ti kú pátápátá, èyí tó wà láàyè á gorí oyè láìka nọ́ńbà náà sí.

Lórí pfSense, ẹ má bá ara yín wọ̀yá ìjà. Ní Status, lábẹ́ CARP, bọ́tìnnì Persistent CARP Maintenance Mode wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó tún ẹ̀rọ náà tàn; kò ní lọ bí ẹ̀rọ bá kú tó sì jí, ẹ̀yin ni ẹ ó yọ ọ́ nígbà tó bá tẹ́ yín lọ́rùn. Lórí keepalived, ẹ sọ `state` di BACKUP lórí ẹ̀rọ méjèèjì, kí priority yan ọ̀gá, kí ẹ sì lo `preempt_delay`, èyí tó lè dé 1000 ìṣẹ́jú àáyá. `vrrp_startup_delay` náà wà fún ìgbà títàn gan-an.

Ìdánwò

Ẹ ṣí SSH kan tó gba inú firewall kọjá, kí nǹkan máa tẹ̀ jáde nínú rẹ̀ láìdúró, kí ping náà máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tún igbákejì tàn: kò gbọdọ̀ sí ohun tó yí padà. Ẹ wá tún ọ̀gá tàn: SSH lè dúró díẹ̀ nígbà tó bá kú, kó tún tẹ̀síwájú; nígbà tó bá jí, kò gbọdọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ títí 120 yóò fi kúrò.

Èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fò ni kí ẹ fa iná gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tòun ti switch. Ọ̀pọ̀ switch ń pẹ́ kó tó jí ju firewall lọ, nítorí náà àwọn firewall á dúró ní INIT láìní link, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rí link lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fún wọn ní ìṣẹ́jú 3 kí ẹ tó tẹ `ifconfig | grep carp` lórí àwọn méjèèjì.